Bí A Ṣe Tú Àáró Ká ní Ẹ̀pẹ́

Èbúté Ìkòròdú ni mo wà, mò ń dúró de ọkọ̀ ojú omi, nígbà tí àwòrán Ìyá Àgbà já wọ inú fóònù mi. Ẹgbẹ́ aláàánú kan láti òkè òkun ni ó fi í ránṣẹ́ sí gbogbo àwa tí a ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí. Nínú àwòrán náà, ó jókòó lórí àpótí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé ẹní ìko aláràbarà kan. Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ọwọ́ wọ̀nyí ni ó hun ẹní náà, àti pé àánú àwọn olùrànlọ́wọ́ ni ó fún ọwọ́ náà ní iṣẹ́. Irọ́ ni ti àkọ́kọ́, irọ́ ni ti èkejì. Ọwọ́ yẹn ní iṣẹ́ kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwa ni a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára àwọn tí mò ń pè ní àwa.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Ìyá Àgbà. Ẹ̀pẹ́ ni ilé rẹ̀ wà, nínú agbo ilé tí ó kọjú sí ọ̀sà, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń pẹja tí àwọn obìnrin sì ń hun ẹní àti àpò. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti ń lo ìsinmi nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo di olùkọ́, tí mo sì kó lọ sí ẹ̀sìtéètì kan ní Ìkòròdú, ìbẹ̀wò mi bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra, bí ó ti máa ń rí fún àwa tí a gbà pé owó ìrẹsì tí a fi ránṣẹ́ lè dúró fún wa.

Ẹ̀sìtéètì yìí kan náà ni tọkọtaya ajíhìnrere kan, òyìnbó, wá gba ilé sí. Ìjọ wọn àti ẹgbẹ́ aláàánú yẹn ni ó jọ rán wọn, ọdún kan ni wọ́n sì fún wọn láti fi iṣẹ́ ọwọ́ ran àwọn obìnrin lọ́wọ́. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọkọ ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìyàwó ti kọ́ àwọn ọmọdé ní iṣẹ́ ọnà. Wọ́n kọ́kọ́ ṣí kíláàsì ìránṣọ fún àwọn ọmọbìnrin tí ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tí ó wà ní Ìkòròdú, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí ó ti dúró ti ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ kò ní agbára láti tún wá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ní ìrọ̀lẹ́. Kíláàsì náà ṣófo. Ibẹ̀ ni mo ti dá sí i. Mo ní ìyá mi jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́. Mo ní mo mọ àwọn tí ń hun ẹní. Mo tún ní kò sí ẹni tí ó yẹ kí wọ́n fi ṣe ògbufọ̀ ju èmi lọ, wọ́n sì gbà mí gbọ́.

Mi ò ní parọ́ mọ́ wọn: ènìyàn dáadáa ni wọ́n. Ìyàwó kì í jókòó lórí àga bí àwọn obìnrin bá wà nílẹ̀. Ọkọ tún ilẹ̀kùn ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dé Ẹ̀pẹ́, Àlàájà kan lára àwọn tí ń hun ẹní fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó ní, "Tíṣà, ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ sọ wá di onígbàgbọ́?"

Mo ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n bá wá, mà."

Ó wo ìyàwó òyìnbó náà tí ó ń gbìyànjú láti ká ìko mọ́ ìka, tí ìko sì ń já. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó. Kí ọdún tó yí po, àwa la máa sọ ìyẹn di Mùsùlùmí."

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, láìmọ ohun tí wọ́n sọ.

Àáró ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ rẹ, gbogbo àwọn yòókù yóò wá sí àgbàlá rẹ, wọn yóò jókòó yí ẹní kan ṣoṣo ká, ẹni tí ó mọ ìbẹ̀rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹni tí ó mọ àrà yóò dá àrà sí i, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le ni yóò ká etí rẹ̀. Bí ẹní náà bá parí, tìrẹ ni. Ní ọjọ́ ẹlòmíràn, ìwọ náà yóò lọ. Oríkèé ìka Ìyá Àgbà ti le, kò lè hun ohun tí ó tẹ́jú mọ́. Ìko ni ó ń ṣà. Yóò gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, yóò fà á wò, yóò ju èyí tí kò dára sẹ́yìn. Òun náà ni ó ń rẹ ẹ́ láró. Òun ni ó sì ń bá gbogbo ayé wí.

"Ìyá, ẹ tún ti ju èyí tó dáa nù!"

"Tó bá dáa, mú un. Fi hun tìẹ, kí ọkọ ẹ máa jókòó lórí ẹ̀gún."

Bí ó bá di ọjọ́ tirẹ̀, wọn yóò wá sọ́dọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ sọ́dọ̀ ẹni gbogbo. Ẹní tí wọ́n bá hun níbẹ̀ ni ó ń gbé lọ sí ọjà, òun ni ó sì ń jẹ. Kò sí ẹni tí ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wé ti ẹlòmíràn, nítorí àáró kì í béèrè pé ta ni ó hun jù.

Ọkọ òyìnbó náà ni ó béèrè. Ó dìde ní àgbàlá ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní àwọn tí yóò máa ra ẹní ní òkè òkun fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ rí ojú rẹ̀, wọ́n fẹ́ gbọ́ ìtàn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, obìnrin kan ni yóò hun ẹní kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ó sì so páálí kékeré tí ó ní fọ́tò rẹ̀ mọ́ ọn. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Mo túmọ̀ rẹ̀ ju bí ó ṣe sọ ọ́ lọ. Mo fi àpèjúwe kún un, mo sọ̀rọ̀ nípa ìlọsíwájú àti iyì oníkálukú, gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń sọ ọ́ ní iwájú kíláàsì.

Ìyá ìbejì tí ilé rẹ̀ fara ti ti Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ sókè. "Bùọ̀dá Tíṣà, ẹ bá mi bi wọ́n: ta ni yóò wá bá Ìyá Àgbà hun tiwọn?"

Ìyá Àgbà kò gbé ojú kúrò lára ìko tí ó ń ṣà. Ọkọ òyìnbó náà yíjú sí mi, ó ń dúró kí n túmọ̀.

Mo sọ fún un pé obìnrin náà ń béèrè ìgbà tí a ó bẹ̀rẹ̀. Mo yíjú sí ìyá ìbejì, mo ní, "Wọ́n ní àwọn á wá nǹkan ṣe sí i."

Wọn kò gbọ́ ìbéèrè náà, wọn kò sì dáhùn rẹ̀. Èmi ni mo dá a dúró ní agbedeméjì. Ẹ má rò pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo gbà nígbà náà pé ohun àtijọ́ ni àáró, pé kò burú bí ó bá lọ. Mo tún mọ̀ pé bí ìbéèrè yẹn bá dé etí wọn, ètò náà lè dúró, èmi tí wọ́n ń pè ní alákòóso rẹ̀ yóò sì padà di olùkọ́ lásán. Èyí tí ó wúwo jù nínú méjèèjì, mo mọ̀ ọ́n.

Oníkálukú wọ àgbàlá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ìyá Àgbà, ó gbá ilẹ̀, ó tẹ́ ìko tí ó ti rẹ láró sílẹ̀, ó se ẹ̀wà fún àwọn tí yóò wá. Ọjọ́ náà ni èmi àti tọkọtaya náà ti Ìkòròdú dé. Ìyá ìbejì nìkan ni ó wá, òun náà sì dúró sí ẹnu ọ̀nà ni, ó ń kúnlẹ̀, ó ń dìde.

"Ìyá, ẹ má bínú. Tèmi ò tíì dé ìdajì, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ pẹ́."

"Bínú kẹ̀? Ìwọ wá jẹ ẹ̀wà. Ẹ̀wà ò lọ́jọ́ àáró."

Ìyàwó òyìnbó jẹ nínú ẹ̀wà náà, ó ní ó dùn. Ó bi mí pé ṣé àríyá kan wà ni. Mo ní rárá, pé inú ìyá náà dùn láti rí wa ni.

Lẹ́yìn náà, Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í hun ẹní tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an lórí rẹ̀. Nígbà tí ọkọ náà wá kó iṣẹ́ jọ, Ìyá Àgbà tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Etí kan ti yà, ó ń lọ sí apá òsì bí ọ̀nà oko. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú ẹní náà jẹ́jẹ́, ó ká a, ó dá a padà fún un. Ó ní kí n sọ fún un pé ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò ní lè tà. Ìyàwó rẹ̀ sáré lọ sí ìdí mọ́tò, ó gbé àpò ìrẹsì àti kẹ́ẹ̀gì òróró kan wá.

Ìyá Àgbà wò wọ́n. "Kí ni wọ́n ní mo ṣe fún ìrẹsì yìí?"

"Ẹ̀bùn ni, mà."

"Ta ló bímọ nínú ilé yìí? Àbí mo ti kú, tí wọ́n ń ṣe sàráà mi lójú mi?"

Ìyàwó bi mí ohun tí ó wí. Mo ní ó dúpẹ́, pé ojú ń tì í ni.

Ìmọ́lẹ̀ dára ní àgbàlá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìyàwó náà, tí ó fẹ́ tu arúgbó nínú, gbé kámẹ́rà rẹ̀ jáde. Ẹní tí ó yà kò dára nínú fọ́tò, nítorí náà ó mú èyí tí ìyá ìbejì hun, ó tẹ́ ẹ sí abẹ́ ọwọ́ Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà fa ojú ro. Mo ní, "Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, Ìyá." Ó rẹ́rìn-ín, nítorí pé èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rín yẹn ni ó wà nínú àwòrán tí wọ́n fi ń tọrọ àánú káàkiri.

Nígbà tí ọdún wọn pé, a kó ara jọ ní àgbàlá Àlàájà láti dágbére fún wọn. Àwọn obìnrin dúpẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ìdí láti dúpẹ́. Ọjà wọn ń lọ. Lẹ́yìn ọpẹ́, Ìyá Àgbà dìde, ó fi ọwọ́ ti èjìká mi.

"Sọ èyí fún wọn. Má fi iyọ̀ sí i, má sì yọ ata kúrò níbẹ̀. Ẹ wá bá wa, a wà lójú kan. Ẹ ń lọ, oníkálukú ti wà lọ́tọ̀. Mi ò bínú sí yín. Ṣùgbọ́n tí mo bá jí láàárọ̀ báyìí, mi ò ní ibi tí mò ń lọ."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo parí, mo sọ ìbéèrè tí ìyá ìbejì béèrè pẹ̀lú, àti ohun tí mo fi bò ó mọ́lẹ̀, ní èdè wọn àti ní Yorùbá kí gbogbo àgbàlá lè gbọ́. Ìyàwó náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Mo ní láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, ó ń sọ ohun tí mi ò túmọ̀, nítorí wọn kò bẹ̀ mí, Ìyá Àgbà sì ń fi ọwọ́ nù ún lójú. Ọkọ ṣe ìlérí pé àwọn yóò sọ ọ́ fún àwọn tí ó rán wọn. Bóyá wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí àwòrán náà dé sọ́dọ̀ mi, mo kọ̀wé sí ẹgbẹ́ náà pé kí wọ́n mú un kúrò, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Wọ́n dá mi lóhùn pé àwòrán náà ti fọwọ́ kan ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ó ṣì wà níbẹ̀ di òní. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ ọ́ síbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti kà á.

Mo padà sí Ẹ̀pẹ́. Mo lọ láti àgbàlá dé àgbàlá, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá àáró padà. Àlàájà ní òun yóò rò ó. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ wọn dí. Ìyá ìbejì nìkan ni ó dá mi lóhùn tààrà, kò sì dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ó wù mí, Bùọ̀dá Tíṣà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra tèmi, fọ́tò mi ló mọ̀. Tí ọwọ́ ẹlòmíràn bá wọ̀ ọ́, kí ni mo fẹ́ wí? Èmi ò mọ irọ́ pa bíi tiyín."

Ìyá Àgbà wà ní ìdí ìko rẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Ó ti ṣà á, ó ti dì í ní ìdì ìdì.

"Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Wọ́n ní àwọn á wò ó, mà." Ó gbé ojú sókè, ó wò mí. Mo ní, "Wọ́n ní rárá."

"Ẹ̀ẹ́n." Ó fa ìdì kan sún mọ́ ara, ó so ó pọ̀. "Gbé e fún wọn. Tẹ́ẹ́rẹ́ yìí, ti ìyá ìbejì ni, ìka ẹ̀ kéré. Èyí tó pupa, ti Àlàájà. Sọ fún un pé kó má rẹ ẹ́ mọ́, mo ti rẹ ẹ́."

Mo gbé wọn lé èjìká, mo lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà nínú oòrùn. Gbogbo wọn gbà á. Gbogbo wọn dúpẹ́, wọ́n sì padà sí ìdí iṣẹ́ wọn. Nígbà tí mo dé, Ìyá Àgbà ti gbá ilẹ̀ mọ́, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ibi tí mo gbà wá.

"Wọ́n gbà á?"

"Wọ́n gbà á, mà."

"Ṣé wọ́n ní ó dáa?"

Mo ní wọ́n ní ó dáa. Òtítọ́ ni. Ó mi orí, ó sì bi mí bóyá mo ti jẹun.