Orúnkún Tí Kò Jẹ́ Kí N Kí Àgbà

Wọ́n ní mo gbéraga. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n bí sí Abidjan, tó ń sọ Faransé ní lycée, ilé ẹ̀kọ́ girama wọn, kò mọ̀ pé obìnrin ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Irọ́ ni. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni egungun róbótó tó wà lórí orúnkún òsì mi ti máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ ò mọ ìrora yẹn, ẹ má sì gbàdúrà kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n.

Ìyá bàbá mi tó ń bá wa gbé ní àdúgbò Anoumabo ló ká lára jù. Tí mo bá kúnlẹ̀ láàárọ̀, wọn á gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọn á máa kì mí. Oríkì ò ní tíì dé ibì kankan tí màá fi ṣubú. Nígbà tó yá, mo kàn ń dúró kí wọn. Wọn ò kì mí mọ́. "Ẹni tí ò kúnlẹ̀, ta ni kí n kì?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Teguntegun á ti egungun náà padà, á dì í, á tún yẹ̀. Ni màmá mi bá fà mí lọ sílé ìwòsàn. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ní iṣan tó ń di egungun náà mú ti já, àfi kí òun mú òmíràn láti itan mi fi so ó. "Tàbí kó má kúnlẹ̀ mọ́, c'est tout, ó parí."

Màmá mi, tí Faransé wọn ò kọjá tọjà, dá a lóhùn: "Má kúnlẹ̀ kẹ̀? Ọmọ Yorùbá nìyí, dókítà. Ẹ so ó."

Ó so ó. Obìnrin tó ń kọ́ni ní ìrìn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kiné ni wọ́n ń pè é, kò ṣàánú mi rárá. Mo ń bú u nínú ọkàn mi lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gbọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ẹsẹ̀ mi le.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí dókítà gbà kí n kúnlẹ̀, mo bá ìyá bàbá mi lórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà. Òsì ni mo kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo dúró dè é. Kò yẹ̀. Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí. Wọ́n kì mí kọjá bàbá mi, kọjá bàbá bàbá mi, dé ọ̀dọ̀ àwọn tí mi ò gbọ́ nípa wọn rí. Orí mi wú, inú mi dùn débi pé omi ń bọ́ lójú mi.

Wọ́n ní, "Ó tó, dìde, ọmọ mi."

Mo ní, "Ẹ máa kì mí lọ, Ìyá. Mi ò tíì ṣetán."