Ẹ̀wà Tó Ń Sọnù ní Ṣọ́ọ̀bù Díákónì

Eruku àgbàdo kì í bọ̀wọ̀ fún ìwé ẹ̀rí. Ohun tí iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ kọ́kọ́ kọ́ mi nìyẹn. Mo ti gboyè jáde ní yunifásítì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo sì ti jókòó pẹ́ nílé àwọn òbí mi ní Soje, nílùú Minna, tí mò ń dúró de iléeṣẹ́ ńlá tí yóò ránṣẹ́ pè mí. Kò sí èyí tó pè. Ẹni tó pè mí ni díákónì kan nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Minna, tó ń ta ọkà àti ẹ̀wà nítòsí ọjà Kure. Ó ní kí n wá máa fi kọ̀ǹpútà ṣírò ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù òun. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ni mo wọ̀ lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ẹni tó bá rí mi á rò pé inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo ni mo sùn.

Èèyàn kan ṣoṣo ló ń wọn ọjà fún oníbàárà níbẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan tí gbogbo ayé ń pè ní Màmá Mudu, nítorí abọ́ irin tí a fi ń wọn ọkà nílùú wa, tí àwọn Hausa ń pè ní mudu, kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá rẹ̀ wá láti Ọ̀fà. Ó ń kírun, ọ̀gá ń kọ orin ìyìn, wọ́n sì ti jọ wà láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù náà ti jẹ́ tábìlì kan lásán lẹ́bàá títì. Ɗan boko ló ń pè mí, bí àwọn Hausa ṣe ń pe ẹni tó kàwé. Bó ṣe ń pè é, èèyàn kò ní mọ̀ bóyá oríyìn ni àbí èébú.

"Ɗan boko, ṣé kọ̀ǹpútà rẹ ti jẹun?"

"Kì í jẹun, Màmá."

"Kai! Abájọ tó fi ń falẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Sípírẹ́ẹ̀dìṣíìtì ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé orí kọ̀ǹpútà ni, tí wọ́n fi ìlà pín sí àpótí kéékèèké, tí èèyàn lè kọ ohunkóhun tó bá wù ú sínú èyíkéyìí. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Nírọ̀lẹ́ Sátidé, a ó ka ohun tó kù nílẹ̀. Bí kò bá bá ti inú kọ̀ǹpútà mu, n ó pa ti inú kọ̀ǹpútà rẹ́, n ó kọ èyí tí a rí, n ó sì gba ilé lọ. Ó dà bí àgbà tó rí nǹkan tó sì mójú kúrò. Ṣùgbọ́n mo ti kàwé jù fún irú ìwà pẹ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀. Dátábéèsì ni mo fẹ́, ìwé ìṣírò orí kọ̀ǹpútà tó ní òfin líle. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó wà ní Àbújá máa ń pe dátábéèsì bí ẹni ń pe orúkọ àna rẹ̀ tó lówó. Nínú dátábéèsì, ọjà kò lè jáde láìsọ ìdí tó fi jáde, kò sì sí ẹni tó lè yọ́ kẹ́lẹ́ pa ti àná rẹ́. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá títí òógùn fi bò mí.

"Èwo ló rọrùn nínú méjèèjì?" ó bi mí.

"Sípírẹ́ẹ̀dìṣíìtì ni, sà."

"Èwo ló ń sọ òtítọ́?"

"Dátábéèsì ni, sà."

"O ò tiẹ̀ rò ó kí o tó dáhùn. Ó dáa, máa lo méjèèjì pọ̀ fún oṣù kan ká wò ó. Bó bá jẹ́ dátábéèsì yẹn la mú, ìwọ ni màá fi ṣe olórí ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ ṣí ní Maikunkele."

Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni mo rí ara mi ní Maikunkele, lórí àga tó ń yí.

Mo wo irú èyí tí àwọn tó ń ta fóònù ń lò, mo sì ṣe tèmi bẹ́ẹ̀. Ìdí mẹ́rin péré ló gbà pé ọjà lè fi jáde: a tà á, ó bàjẹ́, a dá a padà fún ẹni tó kó o wá, tàbí ó sọnù. Ohun tí kò bá bọ́ sínú mẹ́ta àkọ́kọ́, á jù ú sínú ẹ̀kẹrin fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ parí, ó ní ẹ̀wà sọnù. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀wà àti àgbàdo. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ pé odindi àpò ti lọ. Sípírẹ́ẹ̀dìṣíìtì, ní tirẹ̀, ní àlàáfíà ni.

Wọ́n ní ẹni tó bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bá. Ta ló tún ń wọn ọjà bí kò ṣe Màmá Mudu? Ọ̀gá pè é láàárọ̀ Sátidé kan, kò sì lè wo ojú rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ máa ń fún ẹnì kan lẹ́wà láìgbowó ni?"

"Wallahi, mi ò fún ẹnikẹ́ni ní ohun tí kò rà."

"Kọ̀ǹpútà ní àpò kan ti lọ."

"Kọ̀ǹpútà!" Ó yíjú sí mi. "Ɗan boko, ṣé ìwọ lo ní kó sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá ní bí Màmá bá ti ṣíwọ́ lọ́jọ́ náà, kó lọ sinmi nílé títí òun yóò fi ránṣẹ́ pè é. Gbogbo wa la mọ ohun tí irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Ọ̀gá wọ agbádá rẹ̀, ó lọ sí ìpàdé àwọn díákónì. Ìyá náà padà sídìí àpò, nítorí àwọn oníbàárà ti tò.

Ìyá mi ti ní kí n ra ẹ̀wà bọ̀ wálé, bẹ́ẹ̀ Màmá Mudu kò ní sí níbẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ajé. Mo bá tò pẹ̀lú ìtìjú. Ó wọn ẹ̀wà fún mi, ó kún gegele, ó dà á sínú àpò mi. Kò tiẹ̀ wojú mi rárá, ṣùgbọ́n ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú ẹ̀wà, ó bù ú kún ọwọ́, ó sì dà á lé e. Obìnrin tó wà lẹ́yìn mi ti ń pariwo pé, "Hajiya, gyara fa!" Ó ń béèrè èènì tirẹ̀ nìyẹn, ó sì gbà á. Gbogbo àwọn tó tò ló gbà á. Mo ti ń jẹ èènì láti ìgbà tí mo ti hu eyín, mo sì ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá yìí fún ọ̀pọ̀ oṣù, n kò rí i.

"Màmá, ẹ ní ẹ ò fún ẹnikẹ́ni ní ohun tí kò rà. Èyí tí ẹ dà lé e yìí ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó béèrè ẹni tó ni òòrùn. "Èènì nìyẹn. Ti oníbàárà ni. Ṣé wọ́n tún máa ń fún èèyàn ní ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ni?"

N kò ní purọ́, Maikunkele kọjá lọ́kàn mi. Ẹ̀rọ tó mú olè ni yóò wu ọ̀gá jù. Ṣùgbọ́n èènì ìyá náà ti wúwo nínú àpò mi. Mo wá àpò òfìfo kan, mo bẹ̀ ẹ́ pé bó bá ti ṣe èènì fún ẹnì kan, kó bu iye kan náà sínú àpò yẹn. Ó pè mí ní wèrè, ṣùgbọ́n ó ṣe é.

Nígbà tí ọ̀gá dé nírọ̀lẹ́, àpò náà ti jókòó láàárín ṣọ́ọ̀bù bí àlejò.

"Kí lèyí?"

"Èènì òní nìkan ni, sà. Òun ni kọ̀ǹpútà ń pè ní ohun tó sọnù."

Ó jókòó lórí àpò àgbàdo kan pẹ̀lú agbádá rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé yóò fòfin de èènì, nítorí ọ̀gá wa kì í ṣe ọlọ́wọ́ ṣíṣí. Nínú ìjọ, wọ́n máa ń ní bí ó bá fẹ́ fowó sínú àpótí ọrẹ, owó náà á kọ́kọ́ dágbére fún un.

"Láti ìgbà wo, Màmá?"

"Láti ìgbà tábìlì. Orúkọ yín ni mo sì fi ń fún wọn. Mo máa ń ní, 'Díákónì ní kí n kí yín.'"

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Òun ni wọ́n ṣe ń kí mi báyẹn láàárín ọjà! Èmi rò pé nítorí oyè díákónì ni." Ó dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà lórí eruku. "Màmá, ẹ forí jì mí."

"Haba! Ẹ dìde, ẹ má ba aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́. Ṣé kí n wá lọ́jọ́ Ajé àbí kí n má wá?"

"Bí ẹ ò bá wá, ta ni yóò máa bá mi kí àwọn èèyàn?"

Dátábéèsì la mú, mo sì fi èènì ṣe ìdí karùn-ún. Ọ̀gá ní sípírẹ́ẹ̀dìṣíìtì ì bá bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún wa, òun ì bá sì kú láìmọ̀ pé òun láàánú. Mo gba Maikunkele. Àga ibẹ̀ kì í yí.

Lónìí, irú iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe káàkiri, fún ilé oògùn, fún ilé ìwé, fún àwọn tó ń ta irin. Wọ́n máa ń bi mí pé èwo ló dára jù nínú méjèèjì. N kì í yára dáhùn mọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó tì wọ́n fún ìgbà díẹ̀, kí n wo ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe tí ẹnu wọn kò sọ. Àwọn mìíràn rò pé ọ̀lẹ ni mí. Ní ti Màmá Mudu, ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ sí i, ìgbà tí eékún rẹ̀ ní ó tó ló fi iṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ẹ̀rọ mi ní ó tó. Mo ti dúpẹ́ fún ọ̀pọ̀ nǹkan láyé mi, ṣùgbọ́n n kò tíì dúpẹ́ fún ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.