Ogún Tí Géèjì Ò Kà

Àbúrò mi ọkùnrin ló ń ki afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà fún àwọn tó ń mòòkùn lọ wo ẹja nísàlẹ̀ òkun. Ọdún méjìlélógún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Yàrá ẹ̀rọ wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀. Mo ti fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n rí: ẹsẹ̀ mọ́kànlá ní gígùn, mẹ́jọ ní fífẹ̀. Ọ̀gá Afẹ́fẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ìyàwó rẹ̀ ní orúkọ náà bá a mu, pé kò sí nǹkan mìíràn tó ń mú wálé.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún kó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń mòòkùn, lẹ́bàá èbúté, níbi tí omi ò ti jìn. Lọ́dún yìí, ọlọ́kọ̀ kan tó máa ń gba sílíńdà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ fún un pé àyè kan ṣí sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òun, ọ̀fẹ́ ni. Inú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹun, ọjọ́ méje láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀, wọ́n á sì máa mòòkùn lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà àárọ̀, ni wọ́n máa gbéra.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi múra. Ó ra báàgì tó ṣeé ká, torí àpótí ò ní ráyè nínú ọkọ̀. Ó lọ rí dókítà etí. Ó ń sùn lórí pákó tóóró kan nílé, kó lè mọ bí ibùsùn ọkọ̀ ṣe máa rí.

"Baba yìí," ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹja ò ní bi ọ́ bóo ṣe sùn."

Ọ̀gá rẹ̀ gbà kó lọ. Ó ní kó kọ́ obìnrin tó ń wá bàtà rọ́bà fún àwọn oníbàárà níwájú ṣọ́ọ̀bù, kí ìyẹn dúró fún un. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti há.

Ọjọ́ Àìkú, ó wá jókòó sílé mi. Mo bi í pé kí ló dé.

"Ẹ̀gbọ́n, géèjì yẹn ń parọ́."

Géèjì ni ojú aago tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó ti wọ sílíńdà. Igba ni sílíńdà kan yẹ kó gbà. Tó bá ti pé igba, ọgọ́sàn-án ni géèjì yẹn ń kà. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, àbúrò mi nìkan ló sì mọ̀. Tí abẹ́rẹ́ bá ti kan ọgọ́sàn-án, á pa ẹ̀rọ. Ẹlòmíràn á dúró dìgbà tí abẹ́rẹ́ bá kan igba, ogún á ti lé. Sílíńdà tó ti gbó lè bẹ́.

"Kí ló dé tóò sọ?"

"Ọdún tó bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ lọ́gá lé èèyàn méjì. Mo ní tó bá lé mi, àwọn tó bá gbapò mi á bà á jẹ́, á pè mí padà."

"Tí ẹnì kan bá kú kó tó pè ọ́ ńkọ́?"

Ó ní, "Tí mo bá sọ, kò nílò mi mọ́. Tí mi ò bá sọ, mi ò lè kúrò níbẹ̀."

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Ọjọ́ tí a sin ìyá wa, ìdí sàréè ló ti gba ibi iṣẹ́ lọ. Ọdún méjì ni mo fi bínú sí i.

Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kọ́ obìnrin náà ní gbogbo rẹ̀, àyàfi ìyẹn. Ní Ọjọ́rú, obìnrin náà dúró ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kọjá ọgọ́sàn-án. Àbúrò mi na ọwọ́, ó pa ẹ̀rọ.

"Ẹ̀yin lẹ ní igba."

"Igba ti pé. Géèjì ló ń parọ́. Ọdún mọ́kànlá."

Obìnrin náà wò ó. "Ọ̀gá Afẹ́fẹ́, nínú ẹ̀yin àti géèjì, ta ló parọ́ jù?"

Ó mú ọ̀dà èékánná pupa nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀, ó fi fa ìlà sí ọgọ́sàn-án lójú dígí. Ó tán.

Àbúrò mi lọ bá ọ̀gá fúnra rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá ò pariwo.

"Lọ wọ ọkọ̀ rẹ. Fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀."

"Ọ̀gá, ṣé kí n wọṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo bá dé?"

"Mo ní fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀."

Ní Ọjọ́bọ̀, mo bá a gbé báàgì dé èbúté. Ó ní kí n bá òun yà síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, kí n wo ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ. Mo ní mi ò ní lọ, pé kó lọ wo ẹja rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀, kò wẹ̀yìn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ. Obìnrin náà ló wà níbẹ̀, ó ń kọ́ ọkùnrin kan bí wọ́n ṣe ń ki afẹ́fẹ́. Fóònù kì í wọlé lójú òkun. Tí àbúrò mi bá dé, á gbọ́.