Bàdírátù Kọ̀, Ó Ní Jíà Náà Ò Tíì Kú

Ọkùnrin ló kún ọgbà mẹkáníìkì kan lẹ́yìn Challenge. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, Bàdírátù, ìyá Abdulmojeed, jíà ló sì ń tú. Ìdílé Mùsùlùmí tó ti pẹ́ n'Íbàdàn ni wọ́n bí i sí, ìdílé onílẹ̀. Títí di òní làwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bi í pé kí ni obìnrin ń wá lábẹ́ ọkọ̀. Á wọ ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, á so híjáàbù rẹ̀ mọ́ ọrùn kó má baà kó sínú irin, á sì gba ibi iṣẹ́ lọ.

Jíà oníbẹ́líìtì ló yàn láàyò. Jíà yìí ò ní eyín tó ń bọ́ sínú ara wọn bíi tàtijọ́. Bẹ́líìtì irin ló wà láàárín púlì méjì, ìyẹn irin róbótó tó ń yí, awẹ́ méjì sì ni púlì kọ̀ọ̀kan. Epo inú jíà ló ń ti awẹ́ méjèèjì mọ́ra, kí wọ́n lè di bẹ́líìtì náà mú gírígírí. Bí epo ò bá tì í dáadáa, bẹ́líìtì á máa yọ̀, á sì máa ha ojú púlì. Bó bá tì í jù, á máa jẹ bẹntiróòlù láìnídìí. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń ṣírò bó ṣe yẹ kí títì náà le tó, àwọn fáàfù kéékèèké tó ń ṣí tó sì ń ti ọ̀nà epo ló ń jíṣẹ́ fún un.

Bàdírátù ò mọ gbogbo èyí látilẹ̀. Ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ ò ju pé bí jíà bá ti ń yọ̀, ó ti kú, kí wọ́n ra tòkunbọ̀ fi rọ́pò rẹ̀. Ohun tó sọ fún Tósìn náà nìyẹn lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ará Apete ni Tósìn, ó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó ọmọ lọ sílé ìwé. Wọ́n gbé tòkunbọ̀ sí i, kò pé oṣù méjì tóun náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Tósìn ta ọkọ̀ náà, iṣẹ́ ọmọ kíkó sì parí síbẹ̀. Jíà àkọ́kọ́ ṣì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ Bàdírátù. Ó jókòó tì í lọ́jọ́ kan, ó tú u. Ojú púlì ń dán bíi díńgí. Jíà náà ò kú rárá, epo tí kò bá a mu ni wọ́n ń rọ sí i. Ó sunkún, ó sì lọ ra gééjì tí wọ́n fi ń wọn agbára tí epo inú jíà fi ń ti púlì. Àtìgbà náà ni kò ti pe jíà kankan lókùú láìkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.

Lọ́dún yìí ni Bàbá Ògúnsànyà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Bodija, gbé ọkọ̀ wọn wá. Bí wọ́n bá ti dé òkè Mókọ́lá, ìnjíìnì á máa ké, ọkọ̀ ò ní fà.

"Alága yín ti wò ó," ni bàbá náà wí. "Wọ́n ní kí n ra òmíràn."

Rasheed ni alága ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ọgbà náà. Òun náà ló ń ta jíà tòkunbọ̀ ní Ring Road.

"Kí ni wọ́n fi wò ó, Bàbá?"

"Wọ́n fi etí gbọ́ ọ."

Bàdírátù ò rẹ́rìn-ín. Ó fi rọ́bà gígùn so gééjì mọ́ ara jíà, ó fà á gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì gbé ọkọ̀ náà jáde. Nígbà tí jíà ṣì tutù, ọwọ́ gééjì dúró síbi tó yẹ. Nígbà tó gbóná tó sì kan òkè, ọwọ́ náà já wálẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fà á. Ó padà, ó tú u. Fáàfù kan ló ń há sójú ihò rẹ̀, ìdọ̀tí irin wẹ́wẹ́ ló há a. Ó fi èékánná ra ojú púlì méjèèjì yíká. Kò sí ibi tó ti ha.

Ó ṣì ń fọ fáàfù náà lọ́wọ́ tí alága fi dé.

"Ìyá Mojeed, mo ti ní jíà yẹn ti kú."

"Ẹ wá fọwọ́ kàn án, Alága. Òkú kì í dán báyìí."

"Ṣé irọ́ ni mo pa ni?"

"Ẹ ò wọ̀n ọ́n ni mo sọ. Gbogbo wa la ti ń sin jíà láàyè nínú ọgbà yìí. Èmi náà ti sin ọ̀kan rí."

Ọ̀rọ̀ yìí ló di ẹjọ́. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọjọ́ Sátidé, wọ́n ní ó ba gbogbo ẹgbẹ́ lórúkọ jẹ́, kó kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì. Bàdírátù ti to jíà náà padà; ó ní òun á kúnlẹ̀ bí ọkọ̀ náà bá yọ̀ ní Mókọ́lá, kí alága bá òun lọ. Ojú ń ti alága láti kọ̀, ó bá jókòó sẹ́yìn, Bàbá Ògúnsànyà jókòó níwájú. Wọ́n kọ́kọ́ yí Dùgbẹ̀ ká títí jíà fi gbóná dáadáa, lẹ́yìn náà ni wọ́n doríkọ òkè. Bí Bàdírátù ṣe ń tẹ iná mọ́ ọn ni ọwọ́ gééjì ń gòkè, ọkọ̀ sì ń fà láìké. Bàbá náà ń wo gééjì náà bí ẹni ń wo èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà dé ọgbà, alága ní, "Ó lè bàjẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ó lè bàjẹ́ lóòótọ́," ni Bàdírátù fèsì. "Mi ò ní kò ní í kú láé. Mo ní kò tíì kú."

Síbẹ̀, ẹgbẹ́ ní kó kúnlẹ̀. Wọ́n ní ti ọkọ̀ yàtọ̀, ti ẹnu tó fi bú wọn yàtọ̀. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn míì nínú wọn ti jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ rí, kò sì sẹ́ni tó gbójú sókè. Kò mọ ibòmíràn tó lè lọ. Ó ní òun ò kúnlẹ̀.

Wọ́n gba ààyè rẹ̀ nínú ọgbà lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó kó irin iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Baṣọ̀run, sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan tí wọ́n fún un láyè. Bàbá Ògúnsànyà ló fi ọwọ́ ara wọn kọ pátákó rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà gbọ̀ọ̀rọ̀ tíṣà: A Ó WỌ̀N Ọ́N KÍ A TÓ SỌ̀RỌ̀. Mẹkáníìkì mẹ́ta láti ọgbà àtijọ́ ló ti yọ́ wá béèrè bí wọ́n ṣe ń ka gééjì. Ó kọ́ wọn. Kò bi wọ́n bóyá alága mọ̀ pé wọ́n wá.