Orin Tí Kò Ní Elégbè

Àwọn ọ̀rẹ́ mi gbà pé ohun kan ń ṣe etí mi, wọn kì í sì í fi bò fún mi. Olùkọ́ tó wà láàárín wa, tó tún ń ṣáájú ẹgbẹ́ akọrin ní ilé ìjọsìn Àgùdà, sọ pé ohun tí mò ń gbọ́ kì í ṣe orin, pé ẹ̀rọ ìlọta ni, ebi ló ń pa á tó fi ń ké. Èkejì ń fi alùpùpù gbé èrò káàkiri ìlú wa, Dásà, olózémì là ń pè é bí a ṣe ń pe gbogbo àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Tí ó bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe, á ní kí n pa á ná, kí òun mọ̀ bóyá alùpùpù òun ló ń dún bẹ́ẹ̀ níta. Ọ̀rẹ́ mi kẹta, aránṣọ, òun nìkan ni kì í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ ló ń lò, ó sì sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé orin náà bá ẹsẹ̀ òun mu.

Ẹlẹ́kítírò là ń pe orin ọ̀hún. Orin ijó ni, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìlù rẹ̀ á máa dún gbì gbì gbì bákan náà, ẹnikẹ́ni kì í sì í sábà sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Kútọnu ni mo ti pàdé rẹ̀ nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe fóònù. Ọ̀gá mi máa ń tàn án láti àárọ̀ títí a ó fi palẹ̀ mọ́. Ní ọdún àkọ́kọ́, mo kórìíra rẹ̀ débi pé mo máa ń ki òwú bọ etí.

Ọdún tí ìyá mi kú ló wọ̀ mí lára. Gbogbo orin tí mò ń gbọ́ lọ́dún yẹn ló ní ohun tó fẹ́ kí n ṣe. Ti ìjọ ní kí n máa yọ̀ nítorí ó ti lọ sinmi, ti rédíò ní kí n ṣe sùúrù, ti àwọn ará ilé ní kí n nu ojú mi nù kí n jẹun. Èyí kò sọ nǹkan kan fún mi. Ó kàn ń bá mi rìn ni. Ibì kan sì wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù: ìlù á lọ pátápátá, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló máa ṣẹ́kù, ìwọ á rò pé ó ti tán, àmọ́ yóò padà wá. Mo máa ń dúró dè é. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti kú mọ ìdí tí ènìyàn fi lè fẹ́ràn ohun tó ń lọ tó sì ń padà.

N kò sọ ìyẹn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi rí. Mo máa ń ní ohun tó wu ni ló ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni, a ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Ìgbà tí aránṣọ fẹ́ gbéyàwó ni ọ̀rọ̀ orin yìí wá kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí ọkùnrin bá ń fẹ́ ọmọ ẹni, ọjọ́ kan wà tí yóò kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí oko àna, wọn á kọ ebè iṣu fún un. Ọ̀pọ̀ bàbá ti fi àṣà yìí sílẹ̀, wọ́n ń gba nǹkan mìíràn dípò. Bàbá ọmọbìnrin yìí, àgbẹ̀ kan ní Trẹ́, kò gbà. Ó sọ ọ́ sí aránṣọ lójú, níwájú èmi náà, pé: “Mo mọ̀ pé o lè rán aṣọ fún ọmọ mi. Orí àga lo ti ń ṣiṣẹ́ rẹ, n kò sì mọ̀ bóyá o lè fún un lóúnjẹ. Ẹ wá kọ ebè fún mi. Bí mo bá ti rí ebè yín, n ó mọ ohun tí n ó wí.” Ọdún mẹ́ta ni àwọn méjèèjì ti ń fẹ́ ara wọn. Bí bàbá náà bá ní rárá, ọmọ náà kò ní kọjá ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, aránṣọ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ojú rẹ̀ ti fà ro.

“Gbé báfù rẹ dání lọ́la,” ló wí. Báfù ni àpótí kékeré tí mo fi ń gbọ́ orin, èyí tó ń gbé ohùn jáde.

Mo ní, “Sí oko àna rẹ?”

“Ẹ̀rù ń bà mí pé a ò ní parí. Bí mo bá ń gbọ́ orin yẹn, iṣẹ́ kì í rẹ̀ mí.”

Ká sòótọ́, inú mi dùn. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ràn orin yìí, ẹnikẹ́ni kò tíì bẹ̀ mí pé kí n gbé e wá síbì kan.

Àwa mẹ́jọ la lọ, àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin àti mẹ́rin míì nínú ẹgbẹ́ àáró wa ní Kèrè, àwọn tí a jọ máa ń bá ara wa ṣiṣẹ́ oko káàkiri. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ilẹ̀ ṣì rọ̀, ìrì wà lórí koríko ẹsẹ̀ òkè. Olùkọ́ ló máa ń lé orin fún wa nídìí ebè, àwa yòókù á máa gbè é. Ó ti gbé ọkọ́ rẹ̀ sókè, ó ti la ẹnu, nígbà tí mo tan báfù.

Ó wò mí. “Pa nǹkan yẹn.”

“Ọkọ ìyàwó ló ní kí n gbé e wá.”

“Kí ó dún lẹ́yìn iṣẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

Aránṣọ ń wo ilẹ̀. Ó yẹ kí n pa á nígbà yẹn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo yí ohùn rẹ̀ sókè sí i. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi mí ṣẹ̀sín, mo ní lónìí ẹ máa gbọ́ ọ, ẹ fẹ́, ẹ kọ̀.

Wọ́n gbọ́ ọ. Kò pẹ́ tí ọkọ́ gbogbo wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìlù, gbì gbì gbì, a wọ́ ilẹ̀ jọ, a gbá a lórí pọ́, a kọjá sórí èyí tó kàn. Olózémì ń fi ìdí jó bó ṣe ń wọ́ ilẹ̀. Nígbà tí ìlù bá lọ, gbogbo wa á na ẹ̀yìn. Bó bá padà, a tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Olùkọ́ nìkan ló dijú mágbárí, ṣùgbọ́n ẹni kan kì í dá ṣe jẹ́jẹ́ láàárín àwọn tó ń sáré, òun náà ń sáré. Oòrùn kò tíì dé àtàrí tí a fi parí oko tí ó yẹ kó gbà wá títí di ìrọ̀lẹ́. Aránṣọ dì mọ́ mi. Ó ní, “Ọ̀rẹ́, o ti fẹ́yàwó fún mi.”

Nígbà tí a rí bàbá náà lọ́ọ̀ọ́kán, mo pa báfù, mo sì fi ẹ̀wù mi bò ó. N kò mọ ìdí tí mo fi bò ó. Bàbá kò kí wa tán tó fi lọ sí ẹ̀gbẹ́ ebè àkọ́kọ́, ó gbé ẹsẹ̀ kan tì í. Ó yẹ kí ebè iṣu kọjá orúnkún àgbàlagbà. Tiwa dé agbedeméjì ojúgun rẹ̀. Ó lọ sí èkejì, ó lọ sí ẹ̀kẹta, ó rìn dé òpin poro náà, ó padà wá. Ìgbà yẹn ni ojú mi tó là tí mo rí ohun tí a kọ. Òkìtì eku ni.

“Ta ló lé orin fún yín?” ni bàbá bi wá.

Olùkọ́ ń wò mí. Mo tẹjú mọ́ ẹ̀wù tí mo fi bo báfù.

Aránṣọ kúnlẹ̀. “Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni mo ní kí wọ́n yára. Ẹ̀bi mi ni.”

Bàbá wò ó, ó sì wo gbogbo wa. Ó ní, “Oúnjẹ ti délẹ̀. Ẹ̀yin àlejò, ẹ wá jẹun.” Ẹni tó bá bá ọ kọ ebè kì í ṣe àlejò rẹ. Gbogbo wa ló yé, a sì jẹ iyán náà bí ẹni ń jẹ oògùn.

Bí a ṣe ń padà sílé, olùkọ́ dúró dè mí lójú ọ̀nà. Kò pariwo. “Kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀ níwájú bàbá?”

Mo ní òun kọ́ ló ni mí, pé aránṣọ fúnra rẹ̀ ló ní kí n gbé e wá. Mo bínú gidi. Mo bínú nítorí pé òótọ́ ló sọ, èmi ni mo yí i sókè, èmi ni mo sì fi ẹ̀wù bò ó.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, mo gbé ọkọ́ mi àti báfù, mo lọ sí Trẹ́. Bàbá jókòó níwájú ilé rẹ̀, ó ń rin orín. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i, mo sì ròyìn bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí fún un, n kò fi ti ẹ̀wù pamọ́.

“Mo mọ̀,” ni bàbá wí. “Ilé níbí ni mo ti ń gbọ́ ọ. Etí mi kò tíì di.”

“Ẹ mọ̀, ẹ kò sì sọ ọ́, bàbá?”

“Aránṣọ fi ara rẹ̀ bò ọ́, n kò bínú sí i fún ìyẹn. Ìwọ ni mò ń wò. Mo ní bí ẹni tó ni ariwo yẹn bá jẹ́ kí aránṣọ ru ẹrù yìí lọ sílé, a jẹ́ pé àwọn tó yí i ká kò ṣe é fẹ̀yìn tì, n kò sì ní fún un lọ́mọ mi.” Ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Tàn án, kí n gbọ́ ọ dáadáa.”

Mo tàn án. Ó gbé ọwọ́ lé orí àpótí náà, ó tẹ́tí. Nígbà tí ìlù lọ, ó gbójú sókè.

“Ó ti tán?”

“Rárá, bàbá. Ẹ dúró díẹ̀.”

Ìlù padà dé, ó mi orí. “Mò ń retí ẹni tó máa gbè é.”

“Kò ní elégbè, bàbá.”

“Ta wá ni yóò sọ fún un pé ó ti tó?”

Mo pa báfù. Ó wá ní, “Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, orin tí ẹ máa ń kọ nídìí ebè, ẹ rò pé kó má baà rẹ̀ yín ni? Bí ẹni tó ń lé orin bá ń lé e, ẹ̀ ń wọ́ ilẹ̀. Bí elégbè bá gbè é lẹ́ẹ̀mẹta, ebè ti tó, ẹ lè kọjá. Orin ni òṣùwọ̀n. Ẹ gbé òṣùwọ̀n sọnù, ẹ wá ń yọ̀ pé ẹ tètè parí.” Láti kékeré ni mo ti ń kọ ebè, n kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tún bi olùkọ́ lẹ́yìn náà, òun náà tó ń lé orin kò mọ̀.

Bàbá gba báfù lọ́wọ́ mi, ó fi ọkọ́ mi sílẹ̀ fún mi.

Nígbà tí mo dé oko, mo bá aránṣọ níbẹ̀. Ó ti tún ebè mẹ́rin kọ. Ọwọ́ rẹ̀ tí kò mọ̀ ju abẹ́rẹ́ lọ ti bó, ó fi àkísà wé e.

“O dé,” ló wí.

“Mo dé. Dárí jì mí.”

“Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀hún.”

Oòrùn ti ń mú nígbà tí a gbọ́ alùpùpù olózémì. Olùkọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ méjì. Olùkọ́ bọ́ sínú poro, ó lé orin, a gbè é. Ọjọ́ méjì gbáko la fi tún oko náà kọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bàbá tún gbé ẹsẹ̀ ti ebè, kò sì rìn ju ebè méjì lọ. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá jẹun.” Aránṣọ yíjú sẹ́yìn, ó ń sunkún, a ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ó ti fẹ́ ẹ báyìí. Ìyàwó rẹ̀ ló ń gé aṣọ, òun ló ń rán an. Báfù padà sọ́dọ̀ mi, mi ò sì gbé e lọ sídìí ebè mọ́. Wọ́n ṣì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rọ ìlọta kò tíì kúrò lẹ́nu olùkọ́.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, nígbà tí àáró kan oko mi ní Kèrè, a jókòó sábẹ́ igi, a ń sinmi. Olùkọ́ mu omi tán, ó nu ẹnu, ó ní, “Gbé tìrẹ wá, ká gbọ́.” Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni. Mo bọ́ sójú ọ̀nà, mo gbé báfù jáde láti inú àpò alùpùpù olózémì, mo tàn án. Ó dún títí ó fi dé ibi tí mo fẹ́ràn, ìlù lọ, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn nìkan ló kù.

Olózémì gbọn ìdí, ó fẹ́ dìde, ó ti na ọwọ́ sí ọkọ́ rẹ̀. Olùkọ́ gbé ọwọ́ dá a dúró.

“Jókòó,” ló wí. “Kò tíì tó.”