Bàálù Tí Mo Jù Sí Ìyá Mi

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí mo ju bàálù sí ìyá mi. Ọdún kejì òmìnira ni, ní Kétu. Olùkọ́ wa, òyìnbó Faransé, gbé bàálù ìṣeré kékeré kan tí kò ní ìrù wá sí pápá ilé ẹ̀kọ́. Àpótí rédíò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò fi máa darí bàálù náà lójú ọ̀run. Ó kó gbogbo èrò tó wá wòran, ìyá mi pẹ̀lú, sẹ́yìn mi, ó fi bàálù náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Kọjú sí afẹ́fẹ́, kí o jù ú.”

Bàálù náà ń kùn lọ́wọ́ mi bí agbọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fẹ́ ẹ̀wà nílé wa, ẹ̀yìn la máa ń kọ sí afẹ́fẹ́, kí ìyàngbò má bàa wọ̀ wá lójú. Láìronú, mo yí padà, mo jù ú.

Gbogbo èrò dojú bolẹ̀. Ìyá mi nìkan ló dúró, ó ń wò mí. Bàálù já gèlè kúrò lórí rẹ̀, ó sì fọ́ mọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́.

Ìyá mi ní, “Àbẹ̀kẹ́, ṣé èmi ni ìyàngbò?”

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń fẹ́ ẹ̀wà, ẹ̀yìn mi ni ìyá mi máa ń jókòó sí.