Ṣọ́ọ̀bù Tí Mo Mú Lára Pátákó

Bí òjò bá pa bàtà òkìrìkà, òórùn rẹ̀ á dà bíi pé gbogbo ẹsẹ̀ ìlú òyìnbó ló péjọ síwájú ẹ. Òórùn yẹn ló máa ń mú mi rántí pápá kan báyìí ní Òkè-Àfà, níbi tí mo ti ń pàtẹ bàtà kí ìjọba tó wá sọ pé òun fẹ́ fún wa ní ohun tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ta ike ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun àti báàfù, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti búta àlùwàlá. A jọ ń jẹun, a jọ ń kírun, a sì jọ ń bú oníbàárà tó bá wọn bàtà títí tí kò rà. Pápá yẹn ò ní ìwé. Tábìlì ẹ ni ìwé ẹ. Ibi tó bá dúró sí, tìẹ ni. Lọ́jọ́ tó o bá gbé e kúrò, ó ti parí. Ọmọ tí wọ́n pọ̀n wá síbẹ̀ gan-an mọ òfin yẹn, èmi náà sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Nígbà tí ìbò ń bọ̀, olóṣèlú kan tó fẹ́ padà sórí àga pe gbogbo wa jọ sí pápá náà. Ó ní òun ti yọ owó sílẹ̀ nínú owó ìlú láti fi kọ́ pápá ìṣeré bésíbọ́ọ̀lù. A wojú ara wa. Ó ṣàlàyé pé igi ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù náà, pé ẹni tó bá gbá a á sáré yípo títí á fi padà síbi tó ti gbéra. Mo sọ nínú ara mi pé eré yìí mà jọ ìjọba wa o. Ká ní mo bá ọ̀rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀, ǹ bá gbọ́n. Àmọ́ ó fi kún un pé ṣọ́ọ̀bù máa yí pápá náà ká, pé àwa tá a ti wà níbẹ̀ la máa kọ́kọ́ mú. Etí mi bá dìde.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé Jakande, na ọwọ́ sókè. “Ọ̀gá, omi ẹ̀rọ ò yọ lọ́dọ̀ wa. Ilé ìwé ń jò. Ta ló bẹ̀ yín ní eré tí ọmọ wa kankan ò mọ̀ ọ́n gbá?”

Kí olóṣèlú tó lanu, mo ti dìde. “Ẹ̀yin bàbá tíṣà, ṣé ẹni tí ò mọ bọ́ọ̀lù gbá kì í wọ bàtà ni? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ, kí n tà fún wọn!”

Pápá hó yèè. Olóṣèlú bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní irú mi làwọn ń wá. Ẹ wo èmi tí mi ò ka ìwé mẹ́fà tán, mo di agbẹnusọ ìjọba láàárín òwúrọ̀ kan ṣoṣo.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ri pátákó gàgàrà kan mọ́lẹ̀. Wọ́n ya koríko tútù sí i, wọ́n ya àwọn òyìnbó tó jókòó tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ní Òkè-Àfà o, wọ́n sì to ṣọ́ọ̀bù sísàlẹ̀. Mo fi ìka tọ́ èyí tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ mi ní, “Ìyá oníbàtà, èmi ni mo kọ́kọ́ rí ibẹ̀ yẹn.”

“Ojú lo fi rí i, ìka ni mo fi mú un.”

“Bàtà àlòkù lẹ́nu ọ̀nà? Wọ́n á rò pé sàárà lò ń ṣe.”

“Ike ńkọ́? Ṣé wọ́n fẹ́ wá wẹ̀ ni?”

Eré ni, eré ni, ọ̀rọ̀ di ìjà. A ò jọ jẹun mọ́. Bàbá tó ń ṣe olórí wa ní ọjà wá làjà, ó béèrè ṣọ́ọ̀bù tá a ń jà sí, àwa méjèèjì sì nawọ́ sí pátákó. Bàbá wo pátákó, ó wò wá, ó ní òun ń bọ̀. Kò padà wá.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n ní ká palẹ̀ tábìlì mọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, kí àwọn lè fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ò gbé tòun, pé ẹni tó bá gbé tábìlì ti gbé ara ẹ̀ kúrò. Mo pè é ní ọ̀tá ìlọsíwájú lójú gbogbo ayé. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé tèmi, mo sì ń mi ìdí bí mo ṣe ń lọ. Bí àwọn yòókù ṣe rí i pé ẹlẹ́nu ọjà ti gbé tiẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé mi. Ó wá ku òun nìkan láàárín pápá pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Nígbà tí katakata tí wọ́n fi ń ro ilẹ̀ dé, ó di ẹrù ẹ̀, kò wo ọ̀dọ̀ mi, ó gba Òṣòdì lọ.

Wọ́n fi páànù yí pápá ká, wọ́n ti í pa. Olóṣèlú wa fìdí rẹmi nínú ìbò. Ẹni tó wọlé ní wọ́n ti jẹ owó náà. Ẹni tó jáde ní wọn ò tíì gbé e sílẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe ní èyí tó tẹ òun lọ́wọ́ ò ju ti páànù àti pátákó lọ. Ewúrẹ́ ló gba ilẹ̀ náà. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi kó ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tán, ó kó ti ọrùn mọ́ ọn, nítorí orí ni mo fi ń ru bàtà kiri Ìsọlọ̀, tí àwọn oníbàárà mi àtijọ́ ò sì mọ ibi tí wọ́n ti máa rí mi.

Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé Òṣòdì, mo rí ọ̀rẹ́ mi oníke lẹ́bàá ọ̀nà. Mo ti to èsì gbogbo èébú tó lè bú mi sílẹ̀ lọ́kàn. Ó wo ẹrù orí mi.

“Kò wúwo ni?” Ó fi ẹsẹ̀ ti báàfù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Sọ̀ ọ́ kalẹ̀.”

Ibẹ̀ ni mo wà dòní. Wọ́n ṣì ń wá polongo ìbò lọ́dọ̀ wa, wọ́n ń ṣèlérí afárá, wọ́n ń ṣèlérí ọsibítù, èmi náà sì máa ń pàtẹ́wọ́, torí ẹni tó bá wá wòran lè ra bàtà. Owó gbogbo ìlú ò rí ṣọ́ọ̀bù kan kọ́ fún mi. Obìnrin kan sún, ààyè yọ. Kò dárúkọ pápá yẹn fún mi rí. Èmi náà, pẹ̀lú ẹnu tí mo ní yìí, mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.